Kabúrẹ́tọ̀ Kọ́ Ni Ó Jẹ̀bi

Fún ọ̀sẹ̀ méje gbáko ni ikọ́ ẹ́ńjìnì kan fi wà létí mi. Ó ń bá mi lọ sí ibi iṣẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí kò sí ọ̀sà tí kò sì sí ọkọ̀ ojú omi, ó sì ń bá mi dé orí ibùsùn. Kì í ṣe ikọ́ tí ń bẹ̀rẹ̀ ní èbúté. Bí a bá fa okùn ẹ́ńjìnì ọkọ̀ wa ní Ìwòpin, fífà ẹlẹ́ẹ̀kejì ni yóò dáhùn, yóò sì máa kùn jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò ní àrùn kankan lára. Yóò gbé wa kúrò létí omi, yóò gbé wa kọjá àwọn òpó tí àwọn apẹja rì mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí atukọ̀ bá fún un ní iná tó pọ̀, tí orí ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé sókè lójú omi, kò ní pẹ́ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Yóò fà sẹ́yìn, yóò ta síwájú, yóò tún fà sẹ́yìn, lẹ́yìn náà yóò dákẹ́. Bí a bá ní sùúrù fún ìṣẹ́jú mélòó kan, yóò tún jí bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Bàbá wa tó ti di olóògbé ni ó fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún èmi àti àwọn àbúrò mi méjì. Ọkọ̀ pákó gígùn ni, ẹ́ńjìnì tó wà ní ìdí rẹ̀ sì ni èyí tí àwọn ará etí omi ń pè ní fọ́tì: agbára ẹṣin 40, sìlíńdà méjì, irú èyí tí a ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróò rẹ̀. Ẹja gbígbẹ, gàrí àti èrò ni ó ń gbé láti Ìwòpin lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ọ̀sà Lẹ́kí tí ó ń là kọjá fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà onígun mẹ́rin 247, síbẹ̀ ibi tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò jìn tó mítà 3. Omi tó fẹ̀ báyìí tí kò sì jìn, atẹ́gùn díẹ̀ ni yóò ru ú sókè di ìgbì kúkúrú tí ń tẹ̀ lé ara wọn kíákíá. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ bá dákẹ́ láàárín irú omi bẹ́ẹ̀ kò lè kọjú sí ìgbì mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ni yóò yí sí i. Ìdí nìyí tí ikọ́ yẹn kò fi jẹ́ kí n sùn.

## Ẹni tí gbogbo ènìyàn ti dá lẹ́bi

Gbogbo ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ náà fún ni ó fún mi ní ìdáhùn kan náà: kabúrẹ́tọ̀ ni, ìyẹn ibi tí bẹntiróò ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́ kí ó tó wọ ẹ́ńjìnì. Ọ̀gá mẹkáníìkì tó ń bá wa tún ẹ́ńjìnì ṣe sọ bẹ́ẹ̀, atukọ̀ wa sọ bẹ́ẹ̀, àwọn atukọ̀ mìíràn tí wọ́n jókòó sábẹ́ igi ní èbúté náà sọ bẹ́ẹ̀. N kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ wọn kò ní ìpìlẹ̀, nítorí àmì tí ẹ́ńjìnì náà ń fi hàn jọ ti kabúrẹ́tọ̀ gan-an.

Ọ̀nà tí epo ń gbà nínú kabúrẹ́tọ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀nà tóóró kan wà tí ó ń bọ́ ẹ́ńjìnì nígbà tó bá ń kùn jẹ́jẹ́, ọ̀nà mìíràn tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ sì wà, èyí tí jẹ́ẹ̀tì ńlá, irin kékeré tí a lu ihò tóóró sí, ń ṣọ́, tí ó ń bọ́ ọ nígbà tí a bá ní kó sáré. Bí ọ̀nà tóóró bá dí, ẹ́ńjìnì kò ní lè dúró jẹ́jẹ́. Bí a bá ti dín iná rẹ̀ kù ni yóò kú, ṣùgbọ́n yóò sáré bí a bá fún un ní iná. Bí jẹ́ẹ̀tì ńlá bá dí, òdìkejì èyí ni yóò máa ṣe: yóò dára ní èbúté, yóò sì kú nígbà tí a bá béèrè agbára lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí tiwa ń ṣe gan-an nìyẹn. Nígbà tí a sì yọ púlọ́ọ̀gì méjèèjì tí ń tan iná sí epo nínú sìlíńdà, tí a rí i pé ti òkè tutù rinrin fún epo, ó dà bí ẹni pé ẹlẹ́rìí kejì ti dé sí kóòtù.

Ìgbà mẹ́ta ni a tú kabúrẹ́tọ̀ náà. Ní ìgbà kìíní, wọ́n fi bẹntiróò fọ̀ ọ́, wọ́n sì fi atẹ́gùn fẹ́ gbogbo ihò rẹ̀. Ní ìgbà kejì, wọ́n pààrọ̀ abẹ́rẹ́ tí ń dí ẹnu ọ̀nà epo, èyí tí ń bá fúlóòtì ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí bọ́ọ̀lù inú táǹkì omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ti ń ṣe: bí epo bá kún, fúlóòtì á gbé abẹ́rẹ́ dí ẹnu ọ̀nà, bí epo bá fà, abẹ́rẹ́ á sọ̀ kalẹ̀. Ní ìgbà kẹta, wọ́n ki wáyà bọ jẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn dùn mí nígbà tí mo gbọ́ ọ lẹ́yìn náà, nítorí ihò jẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ihò lásán. Ìwọ̀n tí ẹni tó ṣe ẹ́ńjìnì fi sí i kéré débi pé ìdá mílímítà ni a fi ń kà á. Bí wáyà irin bá bó o lójú díẹ̀, epo tí ń kọjá kò ní bá afẹ́fẹ́ dọ́gba mọ́ títí ayé, a ó sì máa wá àrùn tuntun tí a fi ọwọ́ ara wa dá sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan, wọn á gbé ẹ́ńjìnì náà kọ́ sí ẹnu dúrọ́ọ̀mù omi ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, wọn á fa okùn rẹ̀, á sì dún dáadáa. Èmi á sanwó. Nígbà tó bá tún dé ojú ọ̀sà, ikọ́ náà á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi dúrọ́ọ̀mù omi yẹn sọ́kàn, nítorí mo máa padà sí i.

## Ọwọ́ bàbá lórí rọ́bà

Ọ̀sẹ̀ Iléyá ni. Ọjà Ẹ̀pẹ́ ń béèrè ẹja, òjò ti ba ọ̀nà ilẹ̀ jẹ́, àwọn kan nínú èrò wa sì fẹ́ gba Ẹ̀pẹ́ kọjá sí Ìjẹ̀bú-Òde kí Ojúde Ọba tó kò. Èmi fúnra mi wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. A jẹ́ ènìyàn mẹ́tàlá pẹ̀lú atukọ̀. Nígbà tí a fi máa dé ibi tí ilẹ̀ méjèèjì ti di ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lójú wa, òjò ti ṣú ní apá òkun, ẹ́ńjìnì sì bẹ̀rẹ̀ ikọ́ rẹ̀.

Ó dákẹ́. Ọkọ̀ yí ẹ̀gbẹ́ sí ìgbì díẹ̀díẹ̀. Ìyá ẹlẹ́ja kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà lábẹ́lẹ̀, ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá mìíràn sì ń sunkún. Atukọ̀ ṣí ìdérí ẹ́ńjìnì, ó na ọwọ́ sí sípánà, ó ní kí a fún òun ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kí òun tú kabúrẹ́tọ̀.

Bàbá arúgbó kan wà ní ìdí ọkọ̀, ẹ̀gbẹ́ táǹkì epo gan-an ni ó jókòó sí. Kò tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí a ti gbéra. Apẹja ni nígbà ayé agbára rẹ̀, bí a ti wá mọ̀ lẹ́yìn náà, ó sì ń gbé agbọ̀n ẹja kan lọ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin.

Ó ní, “Ọmọ mi, fi sípánà yẹn sílẹ̀ ná. Fa okùn rẹ̀.”

Atukọ̀ dáhùn pẹ̀lú ìtẹríba, “Bàbá, kabúrẹ́tọ̀ rẹ̀ ló ń dí, ẹ jẹ́ kí n fọ̀ ọ́.”

“Mo ti gbọ́. Fa okùn rẹ̀ kí n rí nǹkan kan.”

Ẹ́ńjìnì jí. Bàbá náà mú rọ́bà tó wà láàárín páìpù epo, èyí tí a máa ń fi ọwọ́ tẹ̀ láti kó epo dé ẹ́ńjìnì kí a tó fa okùn. Ó gbé e ró kí ọfà tí wọ́n ya sí i lára lè kọjú sí ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnì. Ó ní kí atukọ̀ fún un ní iná. Ọkọ̀ ta síwájú, orí rẹ̀ gbé sókè, a sì ń retí. Nígbà tí ikọ́ náà bẹ̀rẹ̀, bàbá tẹ rọ́bà náà jẹ́jẹ́, ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ohùn ẹ́ńjìnì tọ́. Ó dáwọ́ dúró. Ikọ́ padà dé. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ohùn tún tọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó ṣe bẹ́ẹ̀ láìsọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń bi ènìyàn ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹta kí ó lè mọ̀ bóyá òtítọ́ ni ó ń sọ.

Lẹ́yìn náà ó wò mí, ó ní, “Ebi ló ń pa á. Ẹni tí ebi ń pa, a kì í gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń yọ eyín.”

Bàbá náà ń tẹ rọ́bà yẹn lọ títí. Nígbà tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ rẹ̀ ẹ́, ó fi ọwọ́ òsì gbà á, nígbà tí èyí náà rẹ̀ ẹ́, ìyá ẹlẹ́ja tó ń gbàdúrà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Òjò bá wa lójú omi, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì kò tún dákẹ́ títí a fi gúnlẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Omi ló dànù, agbè kò fọ́. Mo ní láti sọ ọ́ níbí pé ẹ̀wù amúniléfòó tó wà nínú ọkọ̀ wa lọ́jọ́ náà kò kárí gbogbo wa, ìyẹn sì ni ohun àkọ́kọ́ tí mo lọ rà ní ọ̀sẹ̀ yẹn kí n tó ra ohunkóhun fún ẹ́ńjìnì.

Mo ti ro ìṣẹ́jú yẹn láti òkè délẹ̀ ju bí mo ti lè kà lọ. Ohun tí bàbá náà ṣe rọrùn, ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ti ya ọ̀rọ̀ sí méjì. Bí ó bá jẹ́ pé jẹ́ẹ̀tì ló dí, a ìbá fi ọwọ́ gbé epo dé ẹnu ọ̀nà kabúrẹ́tọ̀ títí, ọ̀nà inú rẹ̀ ì bá ṣì há síbẹ̀. Bí ẹ́ńjìnì ṣe padà bọ̀ sípò ní gbogbo ìgbà tí a bá fi ọwọ́ gbé oúnjẹ fún un, tí ó sì ń sáré lọ láìdákẹ́, fi hàn pé ẹnu rẹ̀ dá, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ dá, oúnjẹ ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bó ti yẹ. Kí ẹni tó bá fẹ́ dán èyí wò má ṣe fi agbára tẹ̀ ẹ́ o. Bí a bá tẹ rọ́bà náà kíkankíkan, epo lè ti abẹ́rẹ́ fúlóòtì sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó sì ya wọlé ju bó ti yẹ, ẹ̀rí náà á sì dàrú. Jẹ́jẹ́ ni ọwọ́ bàbá ń lọ.

## Awọ tó fẹ́lẹ́ ju ti gángan lọ

Ní ọjọ́ kejì, mo ní kí ọ̀gá mẹkáníìkì àti ọmọṣẹ́ rẹ̀ wá bá wa ní Ìwòpin. Mo ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá náà dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìdí táǹkì.” Mo bu ọlá fún un nítorí gbólóhùn yẹn, nítorí kò rọrùn fún ẹni tó ti dá ẹjọ́ lẹ́ẹ̀mẹta láti tún un gbọ́.

A bẹ̀rẹ̀ láti ìdérí táǹkì. Ihò kékeré kan wà lórí rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé rọ́pò epo tí ẹ́ńjìnì ń fà. Ẹni tó bá gbàgbé láti ṣí i yóò rí i pé ẹ́ńjìnì òun á sáré fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á sì kú, rọ́bà àfọwọ́tẹ̀ náà á sì pẹlẹbẹ bí ẹni pé nǹkan fà á mu láti inú. Tiwa wà ní ṣíṣí, rọ́bà wa kò sì pẹlẹbẹ lójú ọ̀sà. Nítorí náà kò sí ohun tó dí láàárín táǹkì àti rọ́bà. Lẹ́yìn èyí, ọ̀gá gé páìpù kan tí ojú ń ríran nínú rẹ̀, ó so ó mọ́ ibi tí epo ti ń wọ ẹ́ńjìnì, a sì jọ wọ ọkọ̀ lọ sójú omi láti wò bóyá afẹ́fẹ́ ń bá epo wọlé. Epo inú páìpù náà mọ́ kedere, kò hó rárá. Kò sí ibi tó ń jò. Ẹnìkan ṣoṣo ni ó kù lójú ọ̀nà, òun ni pọ́ńpù epo tó wà lára ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀.

Pọ́ńpù yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ́. Kò ní iná mànàmáná, kò ní jíà. Awọ kan ni ó wà nínú rẹ̀, tí ó fẹ́lẹ́ ju awọ gángan lọ. Nígbàkígbà tí písítìnì inú sìlíńdà bá lọ tó sì bọ̀, afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ á fà, á sì tì, ihò kékeré kan sì wà tí èémí náà ń gbà dé ẹ̀yìn awọ yìí. Awọ á máa wọlé, á máa jáde, á máa fa epo láti táǹkì, á máa tì í lọ sí kabúrẹ́tọ̀. Èémí ẹ́ńjìnì ni ó ń fi bọ́ ara rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ṣí i, ọmọṣẹ́ náà mú awọ ọ̀hún, ó gbé e sókè sí oòrùn. Ó ti le, ó ti pàdánù rírọ̀ rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sì gba ojú ihò kan wọlé ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ihò tí kò tó orí abẹ́rẹ́. Awọ tó le kò lè gbé epo tó pọ̀ tó nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń sáré, ìyẹn ni ebi. Ihò ara rẹ̀ sì ń jẹ́ kí epo díẹ̀ gba ọ̀nà èémí padà bọ́ sí ẹ̀yìn písítìnì òkè, ìyẹn ni púlọ́ọ̀gì tó tutù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dé yìí ni ọmọṣẹ́ náà ti bojú wo ilẹ̀, tí ó ní, “Ọ̀gá, ẹ má bínú, mo sọ ọ́ ní ìgbà kejì pé púlọ́ọ̀gì òkè nìkan ló ń tutù.” Òótọ́ ni. Èmi náà wà níbẹ̀ nígbà tó sọ ọ́. Kabúrẹ́tọ̀ kan ṣoṣo ni ó ń bọ́ sìlíńdà méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ pé òun ni ó ń da epo jù, púlọ́ọ̀gì méjèèjì ni ì bá tutù. Ẹ̀rí tí a kà sí ẹ̀bi rẹ̀ ni ó yẹ kó dá a láre. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ti rí i, a sì ní kó lọ mú sípánà wá. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀, ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, ọgbọ́n ọmọdé kì í sábà ní ibi tí yóò jókòó sí.

## Epo inú kẹ́ẹ̀gì

Ohun kan wà tí ó ń dẹ́rù bà mí ju dídákẹ́ ẹ́ńjìnì lọ, mo sì fẹ́ kí ẹni tó ní irú ẹ́ńjìnì yìí gbọ́ ọ dáadáa. Nínú ẹ́ńjìnì tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, epo ni ó ń gbé ọ́ìlì wọlé. Lítà 1 ọ́ìlì sí lítà 50 bẹntiróò ni ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò, ìyẹn ìdajì lítà fún kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan. Bí ebi epo bá ń pa irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀, ọ̀dá ọ́ìlì náà ni ó ń dá a, nígbà tó ń sáré jù tó sì gbóná jù gan-an. Písítìnì lè há mọ́ inú sìlíńdà, ẹ́ńjìnì á sì di irin lásán. Nítorí náà, kí á máa rọra lo ẹ́ńjìnì tí ń húkọ́ títí ọjọ́ tí owó yóò fi wà kì í ṣe ìfaradà. Ńṣe ni a ń pa á lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ dá a dúró.

Kí ló mú awọ náà le? Ọjọ́ orí wà níbẹ̀, epo náà sì wà níbẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2022, àwọn aláṣẹ ọ̀rọ̀ epo jẹ́wọ́ pé bẹntiróò tí methanol inú rẹ̀ ju ìwọ̀n lọ ti wọ ọjà ní orílẹ̀-èdè yìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì mọ ohun tó fi ojú ọkọ̀ wọn rí. Methanol jẹ́ ọtí, ọtí a máa fa omi mọ́ra, a sì máa ba ọ̀pọ̀ irú rọ́bà jẹ́. N kò sọ pé epo ọdún yẹn ni ó ba tiwa jẹ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí iye rẹ̀ sì fi ju ìlọ́po méjì lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, a kì í da ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì nù mọ́. Èyí tó ṣẹ́kù láti oṣù tó kọjá ni a ń da tuntun lé. Bẹntiróò tó pẹ́ a máa gbẹ, a sì máa fi ohun kan tó lẹ̀ bí oje igi sílẹ̀ nínú jẹ́ẹ̀tì àti lára awọ. Omi òjò tó bá sì wọ inú rẹ̀ wúwo jù ú lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ ni yóò máa wà, ìsàlẹ̀ yẹn gan-an sì ni ẹnu páìpù ti ń fa epo.

Ìgò funfun kan tó láti fi mọ̀. Bu epo sí i láti ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì, gbé e kalẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí, bí omi bá wà nínú rẹ̀, ìlà yóò là láàárín wọn. Àwọn ìyá wa ní Ìjẹ̀bú kò jẹ́ yan gàrí tí wọn kò sẹ́. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ gbẹ, wọ́n á sẹ́ ẹ, ìgbà mìíràn wọ́n á tún un sẹ́ lẹ́yìn tó bá jinná, èyí wà lára ohun tó jẹ́ kí orúkọ gàrí Ìjẹ̀bú lọ jìnnà. Ọmọ irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni èmi, mo sì ń da epo sí táǹkì láìsẹ́ ẹ fún ọdún mẹ́ta.

## Ohun tí mo kọ̀ láti sanwó fún

Mo ṣèlérí pé mo máa padà sí dúrọ́ọ̀mù omi. Ẹ́ńjìnì tí a kọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù kò gbé ẹrù kankan. Kò sí ọkọ̀ pákó tí yóò tì, kò sí ènìyàn mẹ́tàlá, ẹnikẹ́ni kò sì jẹ́ fún un ní iná dé òpin níbẹ̀ nítorí omi á tú sóde. Epo tó ń béèrè kéré, awọ tó ti le sì lè gbé ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ fún un láìsí wàhálà. Bí a bá dán an wò níbẹ̀ ní ìgbà ogún, ìgbà ogún ni yóò yege.

Ọ̀gá mẹkáníìkì mọ èyí. Ní ìgbà kìíní gan-an, ó sọ fún mi pé kí a jọ lọ sójú ọ̀sà kí òun lè gbọ́ ọ níbi tó ti ń húkọ́. Ó ní kí n san owó ọjọ́ kan àti epo tí a óò lò. Èmi ni mo kọ̀. Mo bi í pé ṣé n ó wá máa sanwó fún ẹni tó kàn jókòó nínú ọkọ̀ ni. Kò sọ̀rọ̀ mọ́, ó lọ tú kabúrẹ́tọ̀, nítorí iṣẹ́ tí mo ṣetán láti sanwó fún nìyẹn. Fún ìgbà mẹ́ta ni mo fi san owó ìtúpalẹ̀, tí ó sì ju owó ọjọ́ kan lójú omi lọ dáadáa, tí mo tún fi ẹ̀mí ènìyàn méjìlá àti tèmi sínú ewu. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá, ọwọ́ mi sì ni owó làpálàpá náà ti jáde.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń rí i níbi gbogbo. A máa ń sanwó fún sípánà, ṣùgbọ́n owó etí tí a fi ń gbọ́ àrùn máa ń dùn wá. Ẹni tí ara ń gbóná á lọ ra oògùn ibà ní ẹ̀ẹ̀mejì, á sì ní àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti wọ́n jù. Ẹni tí òjò ń kán sí ní pálọ̀ á ní kí káfíńtà pààrọ̀ páànù tó wà lókè ibẹ̀ gan-an, bẹ́ẹ̀ omi lè wọlé láti ẹ̀gbẹ́ kejì òrùlé kí ó sì gba ara igi àjà rìn wá kán síbẹ̀. Bí káfíńtà bá ní kí a jẹ́ kí òun kọ́kọ́ gun òkè àjà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, a ó ní ó fẹ́ fi àkókò wa ṣòfò. Nígbà tó bá sì ti jẹ́ pé ìtúpalẹ̀ ni a ń sanwó fún, ìtúpalẹ̀ ni ọ̀gá yóò máa ṣe, òun náà ni ọmọṣẹ́ yóò kọ́. Ọmọ tó lo ọdún mẹ́rin níbẹ̀ yóò mọ bí a ti ń tú kabúrẹ́tọ̀ lójú òkùnkùn, ṣùgbọ́n a ti kọ́ ọ pé kí ó má ṣe sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà àwa kan náà ni a ó máa kígbe pé àwọn ọ̀dọ́ kò mọ iṣẹ́ mọ́.

Mo gbìyànjú láti rí bàbá náà lẹ́yìn Iléyá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin sọ fún mi ní ọjà pé ó ti padà sílé, ó sì jẹ́ ìṣe rẹ̀ láti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ táǹkì nínú ọkọ̀ yòówù tó bá wọ̀. Ó ní bàbá òun máa ń sọ pé ibẹ̀ ni a ti ń gbọ́ ẹ́ńjìnì dáadáa.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé fífi awọ tuntun sí pọ́ńpù, mo san owó ọjọ́ kan fún ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ rẹ̀, a sì kó àpò gàrí kún ọkọ̀ kí ó lè wúwo bí ó ti máa ń wúwo. Mo ní kí ọmọ náà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ táǹkì. Ó gbé ọwọ́ lé rọ́bà náà, kò tẹ̀ ẹ́. Atukọ̀ fún ẹ́ńjìnì ní iná dé òpin, a sì kọjá ibi tó ti máa ń húkọ́, a kọjá ibi tí bàbá ti gba rọ́bà lọ́jọ́ yẹn, etíkun òdìkejì sì ń súnmọ́ wa. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí a gúnlẹ̀, ọmọ náà kò dúró de ẹnikẹ́ni kó rán an níṣẹ́. Ó yọ púlọ́ọ̀gì méjèèjì, ó nù wọ́n, ó sì tẹ́ wọn sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kí ọ̀gá rẹ̀ lè rí wọn. Àwọ̀ méjèèjì dọ́gba, wọ́n pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí hóró kòkó tó gbẹ dáadáa.